Camara Laye àti ìparí ọ̀rọ̀ Faransé

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ ìwé ní Kambolé, ẹ wo L'Enfant noir, ìwé tí Camara Laye ará Gíní tẹ̀ jáde ní 1953. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó lè sú yín. Àmọ́ ó mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ sọ.

Tí àwa bá ní "Bàbá máa ń ṣiṣẹ́", ó lè jẹ́ ti òní, ó lè jẹ́ ti àtijọ́. Faransé ń yí ìparí ọ̀rọ̀ padà: il travaille, ti òní, il travaillait, ti àtijọ́. Tí ẹ bá kọ travaille nípa bàbá yín tó ti kú, ọ́fíìsì á rò pé bàbá ṣì wà láàyè.

Laye fi -ait sọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ alágbẹ̀dẹ ní Kouroussa; a rí i bí ohun ojoojúmọ́, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹ ka ibi tí bàbá ti ń yọ́ wúrà, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí -ait kọ̀ọ̀kan.