Ìdíje Kì í Ṣe Tẹ́tẹ́: Àgbéyẹ̀wò Eré Sinimá «Dôlè»

Bí a bá sọ fún ọ̀dọ́ òde òní pé iṣẹ́ kíkọ ìwé eré sinimá gba sùúrù, kò ní pẹ́ tí yóò fi dá wa lóhùn pé òun ti gbọ́ nípa ìdíje kan tí yóò sọ òun di olókìkí kí ọdún ó tó yí. Èrò yìí kò mọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Kò ní ṣàjèjì sí ọ̀dọ́ tí ń gbé Nzeng-Ayong, àdúgbò elérò púpọ̀ ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ́n, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti Nàìjíríà àti ti Benin ti ń ṣòwò. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ gbé eré sinimá kan tí a ṣe ní ìlú náà yẹ̀ wò, nítorí pé èsì èrò yìí wà nínú rẹ̀.

«Dôlè» ni orúkọ eré náà. Imunga Ivanga ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Ọdún 2000 ni ó jáde. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Tẹ́tẹ́ tuntun kan tí ń jẹ́ Dôlè wọ Libreville, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrètí wọn lé e. Ìyá ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Mougler ń ṣàìsàn, owó oògùn kò sì sí. Ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gbìmọ̀ láti ja ìsọ̀ tẹ́tẹ́ náà lólè.

Àwọn kan lè wí pé kò tọ́ kí a máa fi ọmọdé tí ń jalè ṣe eré wò. Èmi kò bá wọn pé bẹ́ẹ̀. Ivanga kò yin olè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ eré rẹ̀ di ìwàásù. Ó kọ́kọ́ fi àìní hàn wá kí ó tó fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn wá, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ń wòran. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé nìyẹn. Bí mo bá ní àléébù kan láti tọ́ka sí, òun ni pé, lójú tèmi, a mọ àìsàn ìyá náà ju bí a ti mọ ìyá fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2000 kan náà, eré yìí gba Tanit oníwúrà, ẹ̀bùn tí ó ga jùlọ ní àjọ̀dún sinimá Carthage ní Tùnísíà. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn yìí nìkan yóò rò pé orí rere ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n Ivanga ti lọ kọ́ iṣẹ́ kíkọ ìwé eré ní La Fémis, ilé-ẹ̀kọ́ sinimá ní Paris. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, Philippe Mory, ọmọ Gàbọ́n, ti kópa nínú «La Cage», eré tí a fi hàn ní Cannes ní ọdún 1963. Ìròyìn a máa sọ ti ọjọ́ ìkórè fún wa. Kì í sábà sọ ti ọjọ́ ìgbìn.

Bákan náà ni ó rí nílé wa. Ìdíje ìjọba ti ọdún 1936 ni D. O. Fagunwa kọ «Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀» fún, ìwé náà sì di títẹ̀ ní 1938. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Fagunwa, àlọ́ àti ìtàn sì ti kún inú rẹ̀ kí ìdíje ó tó dé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà ti kọ eré orí ìtàgé àti ìtàn àròsọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kọ «Ṣaworoidẹ», tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Ìdíje kò fún ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ ní nǹkan. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni ó ń fi han aráyé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a dí àwọn ọmọ wa lọ́nà ìdíje. Ìdíje tí ó dára ń fún òǹkọ̀wé ní ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ ré kọjá, àti òǹkàwé tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìròyìn nípa iṣẹ́ sinimá náà wúlò, bí a bá kà á láti mọ ẹni tí ń ṣe eré àti irú eré tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ka òfin ìdíje dé ìparí: èló ni owó ìwọlé, ta ni yóò sì ni ìtàn náà lẹ́yìn ìdájọ́? Ẹni tí kò béèrè èyí, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta.

Nínú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìran kan tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí ojú rí ni ìpìlẹ̀ sinimá. Kí ẹlòmíràn kà á, kí ó sọ ohun tí ó rí. Kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì tún un kọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tí ó bá ti tún ìtàn kan ṣoṣo kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè wọ ìdíje wàyí. Bí kò bá tilẹ̀ gba ẹ̀bùn, ìtàn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ tí kò jẹ kò ní nǹkan kan í mú lọ sílé.