Lẹ́yìn tí ayé bá bàjẹ́ tán ní Festac: ìlànà eré wo ló máa gbé e?

Ọ̀rọ̀ omi ló dá ìjà sílẹ̀.

Àwa márùn-ún la máa ń jókòó ní pálọ̀ kan nínú Festac ní gbogbo Sátidé, tí a ń ṣe RPG, eré ìtàn orí tábìlì. Ẹnì kan á ṣe atọ́kùn, á máa sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí. Àwọn yòókù á máa sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tiwọn fẹ́ ṣe. Dáìsì á wá sọ bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. A ti fẹnu kò pé ìtàn wa tó kàn máa jẹ́ ti ẹ̀yìn ìparun ayé, ìtàn gígùn tó máa gbà wá ní oṣù bíi mélòó kan. Festac náà ni, àmọ́ ohun gbogbo ti dẹnu kọlẹ̀: kò síjọba, kò síná, kò sómi ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wa gbójú sókè, ó ní, "Ẹ dákun, kí ló wá yàtọ̀?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ẹ̀rín yẹn ló wá di wàhálà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wá ìlànà tó máa gbé ìtàn náà, a rí i pé púpọ̀ nínú wọn gbà pé kí omi gbẹ, kí ọ̀nà bàjẹ́, kí kálukú máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀, ìyẹn gan-an ni òpin ayé. Fún ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà tó ń kọ ìwé eré, ẹ̀rù ńlá ni. Fún ẹni tó ń dúró de mẹ́ruwà kó tó lè wẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ ni.

Dungeons & Dragons la kọ́kọ́ lò, torí òun la mọ̀. A ṣì í. Nínú ìlànà rẹ̀ ti 2014, àlùfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè fi ọfọ̀ kan ṣoṣo pe gálọ̀nù omi 10 jáde. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀: bíi lítà 38, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan àti ààbọ̀. Ìtàn tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì gbèrò, tí ìjà omi jẹ́ òpó rẹ̀, kú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlùfáà ń pe omi, àwa ń gbé garawa síta. Mẹ́ruwà pàdánù iṣẹ́.

Kì í ṣe pé D&D burú o. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ló yàtọ̀. Ẹ rántí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938: Àkàrà-ògùn, Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ ọlọ́fà, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀, wọ́n kó ara wọn jọ, ó di Òkè Láńgbòdó. D&D pọ́ńbélé nìyẹn, ọdún 36 kí D&D fúnra rẹ̀ tó jáde ní 1974. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìlànà náà ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ọdẹ máa ń lọ ni, ó sì máa ń bọ̀ wálé. Àwọn tí ìtàn wa kàn kò lọ síbì kankan. Ilé wọn ni igbó náà.

A yẹ Gamma World wò, èyí tó jáde ní 1978, ọ̀kan lára àwọn àgbà nínú eré ẹ̀yìn ìparun. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni àtẹ kan tí ẹ̀dá ìtàn á máa fi dáìsì tọ̀ nígbà tó bá rí ẹ̀rọ ayé àtijọ́ tí kò mọ ìlò rẹ̀. Tó bá ṣì í, ẹ̀rọ lè bàjẹ́ tàbí kó ṣe é léṣe. Àtẹ yìí pa wá lẹ́rìn-ín. Láti Festac sí ASPAMDA ní Trade Fair tàbí sí Alaba International, ibo ló jìnnà? Ibẹ̀ ni ọmọ kékeré ti ń tú ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí kò níwèé palẹ̀, tó sì ń tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ kọ́ ni àdììtú lọ́dọ̀ wa. Ta ló máa sanwó ẹ̀ ni àdììtú.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa ni Mutant: Year Zero, iṣẹ́ àwọn ará Sweden, 2014. Níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ jẹun, o gbọ́dọ̀ mumi lójúmọ́, ọta ìbọn sì ni owó. Ibùdó tí gbogbo yín ń gbé máa ń gòkè bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, ní ti oúnjẹ, àṣà, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ogun. Dáìsì rẹ̀ dùn: tí 6 kò bá yọ, o lè tún un jù, àmọ́ 1 tó bá yọ máa gbẹ̀san lára rẹ tàbí lára ohun èlò rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, a sì gbádùn ẹ̀. Ohun tó lé wa ni pé kò sẹ́ni tó ní òbí nínú ayé náà. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, wọn kì í bímọ, arúgbó kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo wọn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣe eré lédè Yorùbá níbi tí kò sẹ́ni tí ẹ máa pè ní ẹ̀gbọ́n, tí kò sí ìyá ẹnikẹ́ni. Láàárín wákàtí kan a ti ń pe ara wa ní "ìwọ" bí ọlọ́pàá.

Apocalypse World la wá dúró lé, èyí tí Vincent Baker àti Meguey Baker ṣe ní 2010. Ìdí àkọ́kọ́ ò lọ́lá kankan: dáìsì alójú mẹ́fà méjì ló ń lò, méjì yẹn sì wà nínú páálí Lúdò. D&D fẹ́ alójú mẹ́rin títí dé ogún. Fóònù lè bá ẹ ṣe é, òótọ́ ni, àmọ́ fóònù fẹ́ iná.

Ìdí kejì ni bó ṣe ń ka dáìsì náà. 10 sókè, ohun tó o fẹ́ ṣẹ. 6 sísàlẹ̀, atọ́kùn á ṣe ẹ́ bó ṣe wù ú. 7 sí 9, ó ṣẹ, ṣùgbọ́n wàá san nǹkan. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, tí o kò bá ní àfikún kankan, 15 ló bọ́ sí àárín yìí, 15 sí ìsàlẹ̀, 6 péré ló lọ sókè. Ká tiẹ̀ ní o ní àfikún 2, ti àárín ṣì jẹ́ 15. Bó ti wù kó o mọ̀ ọ́n ṣe tó, "ó ṣẹ, ṣùgbọ́n" ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ gbàwé ní ọ́fíìsì rí mọ ìṣirò yìí láìka ìwé eré kankan.

Atọ́kùn kì í ju dáìsì rárá; ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá ìtàn inú ìwé náà ò sì ṣòro láti gbé wálé: Hardholder tó ni ibùdó, Hocus tó lọ́mọlẹ́yìn, Savvyhead tó mọ ẹ̀rọ. Lánlọ́ọ̀dù tó ni kànga ẹ̀rọ, wòlíì, mẹkáníìkì ASPAMDA. Ó tán.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a fi The Quiet Year ti Avery Alder ya àwòrán ilẹ̀: páálí káàdì kan, káàdì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kálukú ń ya nǹkan sórí bébà. (Òtútù ló máa ń parí eré yẹn. A fi ìkún omi rọ́pò rẹ̀.) Ibi tí a ti ń yà á la ti rántí bí ìlú yìí ṣe dé. Àlejò ni ìjọba ológun kọ́ ọ fún, fún àjọ̀dún tó wáyé láti 15 Oṣù Kìíní sí 12 Oṣù Kejì 1977. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín ilé fún àwọn èèyàn. Ẹ̀yìn àsè la ti ń gbé látilẹ̀ wá. Kò sí bọ́ǹbù tó pọn dandan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó ń ṣe Lánlọ́ọ̀dù kànga ní Fourth Avenue ju 5 àti 3. 8. Omi máa wà, ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo: àwọn ará Close rẹ̀, tàbí àwọn tó sá wá láti Kirikiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ọmọ ta ni wọ́n?" Atọ́kùn dá ìbéèrè padà, bí ìwé ṣe ní kó ṣe: "Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa, Lánlọ́ọ̀dù. Ta lẹ mọ̀ nínú wọn?" Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin wà níbẹ̀, àwọn ò sì bára àwọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Fún bíi wákàtí kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì mọ́.

Ìlànà náà ò pé o. Òfin wà nínú ẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀dá ìtàn méjì bá bára wọn sùn. Pálọ̀ tí ìyá ẹnì kan ń gbà kọjá lọ sí kíṣìnnì kọ́ la ti máa ṣe ìyẹn. A yọ ọ́, nǹkan kan ò bàjẹ́. Ìbọn tún pọ̀ jù. Tiwa, àdá ni.

Òfin kan tún wà tí a kò kà sí nígbà tí a kọ́kọ́ kà á: ẹ̀dá ìtàn tó bá ti dàgbà tó lè kúrò nínú ìtàn lọ síbi ààbò, kó má padà mọ́. Ní oṣù tó kọjá, ẹni tó ń ṣe mẹkáníìkì wa rí físà Ìlú Ọba gbà. Ó ní òfin yẹn lòun máa lò. Ìjà tún bẹ́, torí a wo àwòrán ilẹ̀ wa láti Mile 2 títí dé etí odò, a ò rí ibi ààbò kankan tí ẹnikẹ́ni yà. Ọ̀kan ní irọ́ ni òfin náà pa. Ọ̀kan ní kò paró, kò kàn sí nínú bébà wa ni. A lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn lápá ibi tí ọ̀nà Badagry gbà lọ. A ò tíì ya nǹkan sí i. Lánlọ́ọ̀dù náà ò sì tíì dáhùn.