Nightwing: Ọmọ Iṣẹ́ Tó Yan Orúkọ Ara Rẹ̀

Ọdún 44 ni Dick Grayson fi wọ ṣòkòtò péńpé. Láti 1940, nígbà tí Bill Finger, Bob Kane àti Jerry Robinson mú un wọ inú Detective Comics nọ́ńbà 38, títí di 1984, aṣọ pupa, ìborùn yẹ́lò àti itan ìhòòhò ni gbogbo ayé fi mọ Robin, ọmọ ẹ̀yìn Batman. Ó ti wọ yunifásítì, ó ti di olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ akọni, ó ti ní ọ̀rẹ́bìnrin, síbẹ̀ itan rẹ̀ ṣì wà níta bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

A lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, a sì ti fi ṣe é dáadáa láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n nǹkan ńlá wà nídìí ṣòkòtò yẹn. Èèyàn lè dàgbà nínú ìtàn, kí àwọn tó ni ìtàn má gbà pé ó dàgbà. Ìbéèrè tí à ń bi gbogbo ìwé kọ́míìkì tó sọ bí Robin ṣe di Nightwing nìyí: ta ló gbà á láyè láti dàgbà? Ọ̀nà méjì tí kò bára mu ni wọ́n ti gbà dáhùn, a ò sì rò pé méjèèjì dára bákan náà.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé fíìmù Batman nìkan lẹ mọ̀: John àti Mary Grayson, òbí Dick, jẹ́ eléré tó ń fò láti orí okùn kan sí òmíràn nínú sákọ́ọ̀sì Haly. Ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Zucco ba okùn wọn jẹ́, torí pé onísákọ́ọ̀sì kò fẹ́ san owó ìdáàbòbò tó ń fipá gbà. Wọ́n já bọ́ lójú ọmọ wọn. Bruce Wayne, tí wọ́n pa bàbá àti ìyá tòun náà lójú rẹ̀, gbà á sọ́dọ̀, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ní December 1969, nínú Batman nọ́ńbà 217, Frank Robbins àti Irv Novick jẹ́ kó di ẹrù rẹ̀ lọ sí Hudson University. Àwọn kan máa ń ka ìyẹn sí ọjọ́ tó kúrò nílé. Àwa ò kà á sí o. Ọmọ tó lọ yunifásítì ṣì ń padà wálé lásìkò ìsinmi, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé náà ló ṣì ń jẹ́, ọ̀gá sì lè ránṣẹ́ pè é nígbàkígbà.

Ohun tó mú àyípadà gidi wá kò tiẹ̀ dùn ún sọ: ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Ní 1980, Marv Wolfman àti George Pérez bẹ̀rẹ̀ The New Teen Titans fún iléeṣẹ́ DC, ìwé náà sì tà wàràwàrà. Dick ni olórí ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó ń ṣe ìwé Batman ní tiwọn fẹ́ Robin wọn padà, ọmọdé tí yóò máa tẹ̀ lé Batman kiri. Níkẹyìn, Titans mú Dick, Batman mú Robin. Wọ́n pín ọkùnrin kan sí méjì: ara lọ síbì kan, orúkọ lọ síbòmíràn, Jason Todd sì wọlé ní 1983 láti wá gba orúkọ náà. A mẹ́nu bà á torí pé àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì máa ń ba iṣẹ́ ọnà jẹ́ ni. Èyí kò bà á jẹ́. Òun ló tiẹ̀ bí i.

Ẹ wo The New Teen Titans nọ́ńbà 39, ti February 1984. Wally West, ìyẹn Kid Flash, ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Dick náà ti sọ tirẹ̀: ẹ̀gbẹ́ Batman ni Robin yẹ kó wà, òun kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó bọ́ aṣọ náà. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Batman kò sí nínú yàrá yẹn rárá, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n tí Wolfman dá nìyẹn, a sì máa padà sórí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún oṣù bíi mélòó kan, ọkùnrin yìí kò lórúkọ iṣẹ́. Dick Grayson lásán ni. Àkókò yìí la fẹ́ràn jù, ó sì dùn wá pé àwọn tó ń tún ìtàn náà sọ lónìí máa ń fò ó kọjá. Nínú nọ́ńbà 43 (wọ́n ti yí orúkọ ìwé náà padà sí Tales of the Teen Titans nígbà yẹn), Deathstroke, apànìyàn tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀, ń kó àwọn Titans lọ́kọ̀ọ̀kan, Terra, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sọ́dọ̀ bí ọmọ ìyá, ló sì tà wọ́n. Ó wá ká Dick mọ́ nínú ilé tó ń gbé. Kò sí ìbòjú, kò sí ìborùn, aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pérez ya ìjà yẹn débi pé a rí i kedere pé ara ọmọ eléré okùn ni iṣẹ́ náà wà, kò sí nínú aṣọ.

Ní nọ́ńbà 44, July 1984, Adeline, ìyàwó Deathstroke tẹ́lẹ̀, wá bá a pẹ̀lú Joseph ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ àtijọ́ fún un. Ìgbà tí Dick máa fi jáde, Nightwing ló jáde: aṣọ búlúù tó ṣú, wúrà díẹ̀ lára rẹ̀, pẹ̀lú kọ́là tó ga sókè bíi ti olórin dísíkò. Àwọn òǹkàwé ṣì ń fi kọ́là yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ dòní, wọn ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣòkòtò. Ó gùn délẹ̀.

Kí ló mú un wọ̀ ọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nínú ìgbèkùn, òun nìkan ló kù. Kò wọ̀ ọ́ láti fi han Batman pé òun náà ti tó ọkùnrin. Ó wọ̀ ọ́ torí pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é.

Orúkọ náà ńkọ́? Nightwing ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ní 1963, nínú Superman nọ́ńbà 158, Superman fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ ní ìlú Kandor, Jimmy Olsen sì ń jẹ́ Flamebird. Dick mú orúkọ tó wá láti ọ̀dọ̀ Superman, ó fi òru tó wà nínú rẹ̀ bu ọlá fún Batman. Ẹnì kan lè sọ pé òmìnira wo nìyẹn, tó bọ́ orúkọ tí ọ̀gá kan fún un, tó gbé ti ẹlòmíràn wọ̀. A gbọ́. Àmọ́ orúkọ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mú nínú ohun tó jogún kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbé lé e lórí. Àwa tí orúkọ wa máa ń gbé ilé baba wa dání, kò yẹ ká bá a jà lórí ìyẹn.

1987 ni nǹkan dàrú. Lẹ́yìn Crisis on Infinite Earths, DC bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀pọ̀ ìtàn àtijọ́ kọ. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwià mọ irú nǹkan yìí dáadáa: kóòdù tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti wọ̀, ẹni tó dé lẹ́yìn padà lọ sí ìlà kan tó ti pẹ́, ó yí i padà, kò sì wo ohun tó dúró lé e lórí. Ìlà tí Max Allan Collins yí padà nínú Batman nọ́ńbà 408 ni èyí tó sọ pé Dick ló fúnra rẹ̀ lọ. Nínú ìtàn tuntun, Joker yìnbọn fún Robin, ẹ̀rù ba Batman, ó sì ní ó tó gẹ́ẹ́, kò sí Robin mọ́. Ó lé e.

Ó jọ ìyàtọ̀ kékeré, àbí? Kì í ṣe kékeré o. Ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ lè lọ síbi tó wù ú. Ẹni tí wọ́n lé, ibikíbi tó bá gbà, èsì ọ̀rọ̀ ni gbogbo ohun tó bá ṣe. Láti ìgbà yẹn, ìdajì àwọn ìwé Nightwing ló di ẹjọ́ láàárín ọmọ àti bàbá: ó ń wá ìyìn Batman, tàbí ó ń bínú sí i, tàbí ó ń ṣàlàyé fún ẹlòmíràn pé òun ò bínú mọ́. Wolfman ti gbé Batman jáde kúrò nínú yàrá. Collins ṣílẹ̀kùn, ó tún mú un wọlé. Àwọn olólùfẹ́ Batman máa ń sọ pé èyí ló jẹ́ kí ìtàn náà dun èèyàn. Òótọ́ ni pé ó ń dunni. Ohun tó ń dunni kì í sì í fìgbà gbogbo jinlẹ̀.

Ká má parọ́, ìlà tuntun yìí fún wa ní ìwé kan tó dára. Nínú Batman nọ́ńbà 416, ní 1988, Jim Starlin jẹ́ kí Dick wá bá Batman kó sì bi í léèrè: ṣé o lé mi torí kí n má kú ni, tí o tún wá lọ gba ọmọ mìíràn? Batman kọ́kọ́ ń rojọ́, kó tó di pé òtítọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé àárò Dick ló sọ òun. Lẹ́yìn náà ni Dick wá Jason lọ, ó gbé aṣọ Robin àtijọ́ rẹ̀ fún un, ó sì fún un ní nọ́ńbà fóònù tó lè fi pè é. Ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọ iṣẹ́ tó bá parí máa ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún Dick. Ohun tí ọ̀gá kò ṣe fún un ló ṣe fún àbúrò.

(Lọ́dún 1988 kan náà ni DC ní kí àwọn òǹkàwé fóònù wọlé láti dìbò bóyá kí Jason kú tàbí kó yè. 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè. Joker sì pa á. Bí Dick bá ṣì ń jẹ́ Robin nígbà yẹn ńkọ́?)

Ilé tirẹ̀ gan-an, October 1996 ló tó rí i. Chuck Dixon kọ ọ́, Scott McDaniel yà á, Nightwing nọ́ńbà 1 sì gbé e lọ sí Blüdhaven, ìlú kan nítòsí Gotham tó ti fi ọdẹ àbùùbùtán jẹun rí, tí ìwà ìbàjẹ́ wá jẹ run. Ìwé yìí la máa ń kọ́kọ́ fi lé ẹni tó bá bi wá lọ́wọ́. Kì í ṣe torí ìjà. Torí pé Dick ń gba yàrá, ó ń sanwó ilé, ó ń gbọ́tí fún oníbàárà nínú ilé ọtí, nígbà tó yá ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá láàárín àwọn ọlọ́pàá tó ti bàjẹ́. Kò sí Alfred tó máa gbé tíì wá. Àwòrán McDaniel le, igun-igun ni, ara kì í dúró sójú kan. Àwọn kan ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ òun ló jẹ́ kí ìlú náà dà bí ibi tí ọmọ sákọ́ọ̀sì lè fi òrùlé ṣe okùn.

Ẹ̀hónú wa ni pé wọn ò jẹ́ kó jókòó. Bí ilẹ̀ bá mì ní Gotham (Cataclysm, 1998), wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Bí ìjọba bá pa Gotham tì (No Man's Land, 1999), wọ́n á tún pè é. Bí ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tán, tí ọ̀gá àtijọ́ ṣì ń ní kó wá bá òun gbálẹ̀. Nígbà tó di Infinite Crisis, wọ́n pa ìlú Blüdhaven gan-an run, Dan DiDio tó wà lókè ní DC sì fẹ́ kí wọ́n pa Dick pẹ̀lú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ní 2009, nínú Batman and Robin ti Grant Morrison àti Frank Quitely, Dick fúnra rẹ̀ di Batman, pẹ̀lú Damian ọmọ Bruce gẹ́gẹ́ bíi Robin. Ìwé aládùn ni, ó pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aṣọ baba ni.

Ní 2021, Tom Taylor àti Bruno Redondo gba Nightwing láti nọ́ńbà 78, wọ́n sì dá a padà sí Blüdhaven. Wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ Eisner fún un ní 2023. Alfred ti kú, ó sì fi owó rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún Dick, tí ó wá ń fi kọ́lé fún àwọn tí kò nílé. A fẹ́ràn inúure tó wà nínú ìwé yìí, àmọ́ owó náà ò jẹ́ ká sinmi. Dick ti Dixon gbọ́dọ̀ ronú kó tó san owó ilé. Ti Taylor jẹ́ olówó tó ń gbé nínú fúláàtì kékeré, wàhálà tó bá sì dé, ẹ̀bùn Alfred ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Heartless, ọ̀daràn tí wọ́n fi síwájú rẹ̀, pẹ́ jù kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá nọ́ńbà 87 rí. Wọ́n jí ajá Dick gbé, ó sì sáré tẹ̀ lé wọn káàkiri ìlú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Redondo ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ bí àwòrán kan ṣoṣo tí kò já, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Dick sì fara hàn nínú rẹ̀ léraléra, ó ń fò, ó ń tàkìtì, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ẹ má fi áàpù fóònù tó máa ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́ kà á, á bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wá bébà rẹ̀ gangan. Ẹ̀dà méjì lẹ máa nílò, torí ẹ̀yìn ojú ewé kan ni iwájú òmíràn. Ẹ tú u, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, kí ẹ wá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.