Oórì Òkè-Èrí àti Yàrà Erédò: Àríwísí Ìtàn Bílíkísù Súngbọ́

1. Ìfáárà

Ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kò jìnnà sí iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Ó ní ẹni tí ó ṣe é, ó ní ẹni tí ń sọ ìtàn rẹ̀, ó sì ní àlejò tí ń gbọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibi méjì ni ìtàn kan ṣoṣo so pọ̀. Èkíní ni oórì kan ní Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Èkejì ni Erédò, yàrà àti odi erùpẹ̀ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ìtàn náà ni ti Bílíkísù Súngbọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ ńlá tí a fi kún ìtàn yìí, èyí tí ó sọ Súngbọ́ di ọbabìnrin Ṣébà, ti gbé oórì ga ju yàrà lọ, ó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú pa mọ́.

2. Ìtàn náà

Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Òkè-Èrí, obìnrin ọlọ́rọ̀ àti alágbára ni Súngbọ́, ṣùgbọ́n kò bímọ. Kí orúkọ rẹ̀ má baà parun ni ó ṣe pàṣẹ pé kí a gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ ká. Ìpìlẹ̀ ìtàn yìí jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé. Ẹni tí kò lọ́mọ a máa wá ohun tí yóò dúró ní ipò ọmọ fún un. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ni Súngbọ́ fi ṣe ọmọ. Bí a bá yọ àìrọ́mọbí yìí kúrò, yàrà kò nídìí mọ́ nínú ìtàn.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ Ṣébà ti kọsẹ̀. Bíbélì sọ̀rọ̀ ọbabìnrin tí ó bẹ Sólómọ́nì wò nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 10. Àlùkùránì sọ ọ́ nínú Súrà 27 láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ ni wọ́n pè é ní Bilkis. Ní Etiópíà, ìwé Kebra Nagast sọ pé ó bí Menelik fún Sólómọ́nì, ọmọ yìí ni àwọn ọba ibẹ̀ sì ń pè ní baba ńlá wọn. Ìyá àwọn ọba kò lè jẹ́ àgàn Òkè-Èrí kí ìtàn méjèèjì má bàjẹ́. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ; orúkọ Ṣébà kò bá ilé yìí mu.

3. Yàrà náà

Peter Lloyd kọ̀wé lórí Erédò ní 1959, Patrick Darling sì wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990 sí 1999. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ó tó mítà 20 ní àwọn ibòmíràn. Ìṣirò Darling ni pé erùpẹ̀ tí a kó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ mítà onígun mẹ́ta. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó tẹ̀ lé ti Darling fi gbígbẹ́ rẹ̀ sí òpin sẹ́ńtúrì kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí ju ẹgbàá ọdún lọ lẹ́yìn Sólómọ́nì. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníròyìn òkè òkun gbé ọ̀rọ̀ Erédò ní 1999, Ṣébà ni ó gba ẹnu wọn.

4. Àpẹẹrẹ Zimbabwe

Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí Karl Mauch, ará Jámánì, dé ibi àwókù olókùúta Great Zimbabwe ní 1871, ó ní iṣẹ́ ọbabìnrin Ṣébà ni. Ní 1905, David Randall-MacIver sọ pé iṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Ní 1929, Gertrude Caton-Thompson fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba àwọn òyìnbó Rhodesia kò fẹ́ kí a sọ ọ́ fún àlejò. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1980, orúkọ ibẹ̀ ni ó fi pe ara rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Àjèjì ni ó gbé Ṣébà lọ sí Zimbabwe, láti fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní Òkè-Èrí, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbà á, láti fi bu iyì kún ilé. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí: a kò dárúkọ àwọn tí ó gbẹ́lẹ̀.

5. Ohun tí àlejò ń rí

Oórì ni ìrìnàjò ìjọsìn ọdọọdún ń lọ. Mùsùlùmí, Kìrìsítẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ń pàdé níbẹ̀, èyí kò sì kéré. Àṣà ibẹ̀ ka obìnrin léèwọ̀ lójú oórì. Nípa bẹ́ẹ̀, obìnrin tí ó wá kí Súngbọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yàrà kò lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n inú igbó ni ó wà. Oko, ilé àti ọ̀nà mọ́tò sì ti là á já ní ibi púpọ̀. Ní 1995 ni Nàìjíríà ti fi í pẹ̀lú Ìyà ti Bìní sínú ìwé àbá fún UNESCO. Súkúr wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé ní 2005. Erédò ṣì ń dúró.

6. Àgbálọgbábọ̀

Kò yẹ kí a sọ ìtàn Súngbọ́ nù. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Òun ni ó pa orúkọ Erédò mọ́ kí ìwé kankan tó kọ ọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a dá Súngbọ́ padà sí ipò rẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú tí kò bímọ tí ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìrántí, kí a sì fi ìtàn àwọn agbẹ́lẹ̀ kún tirẹ̀. Ó tọ́ kí ẹni tí ń fi àlejò mọ̀nà kọ́kọ́ mú un sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, kí ó gbójú sókè wo odi, kí ó tó mú un lọ sí oórì. Ẹni tí kò bá rí yàrà kò ní mọ ohun tí ó sọnù nígbà tí katakátá bá wó o.