Ìbọn Tí Kò Ṣeé Fi Pamọ́

Lójú tèmi, gígùn ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ wò lára ìbọn, kí ó tó bèèrè bí ó ti ń dún tàbí bí ó ti ń pani. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe àjèjì létí àwọn tí a jọ ń gbé Amùkòkò. Ní àdúgbò wa yìí, tí kò jìnnà sí èbúté Àpápá, bí a bá dárúkọ ìbọn ìléwọ́, olè ni olùgbọ́ máa ń rí lójú ọkàn rẹ̀, tàbí ọlọ́pàá. Kò sí ẹnì kẹta. Ó ní ìdí. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1970 ti sọ ikú di ìjìyà ìdigunjalè, tí èrò sì rọ́ lọ sí Bar Beach ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 láti wo bí a ti ń yìnbọn pa Oyènúsì, ìbọn àti olè ti di ìbejì nínú èrò ọmọ Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni irú ìbọn ìléwọ́ kan wà láyé tí a kò ṣe fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀pá rẹ̀ gùn gbọọrọ, ọta rẹ̀ kéré, bébà tí a ya òrùka sí ni wọ́n sì fi ń yìn. Ìbọn ìdárayá ni.

Ọta rẹ̀ ti wà láti ọdún 1887 ní Amẹ́ríkà. Òjé tí ń fò jáde kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2.6 lọ. Ohun tí ń tanná sí ètù rẹ̀ kò sí ní àárín ìdí ọta bí ti àwọn ńlá. Etí ìdí náà ni wọ́n tò ó sí yíká, ibẹ̀ sì ni irin ìbọn ti ń lù ú. Etí náà gbọ́dọ̀ tínrín kí ó lè tẹ̀, ohun tí ó bá sì tínrín kò lè gba agbára púpọ̀. Nígbà tí William Ruger dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1949, irú ìbọn yìí ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1951 ó ṣe èyí tí a fi ń yin àmì, ọ̀pá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 7. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé nítorí agbára ni wọ́n ṣe fà á gùn. Rárá o. Ojú ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Irin ìwòye kan wà lẹ́yìn, òmíràn wà níwájú. Bí àárín àwọn méjèèjì bá ti jìnnà síra tó ni gbígbọ̀n ọwọ́ ń hàn sí ẹni tí ó di ìbọn mú tó. Ìbọn tí ń tú àṣírí olówó rẹ̀ fún un ni. Nínú ìdíje oní-mítà 50 ti Òlíńpíìkì, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Rio ní ọdún 2016, ọwọ́ kan ni a fi ń di ìbọn mú, òrùka àárín sì fẹ̀ tó mìlímítà 50 péré.

Àwa náà ní ìbọn tí a ń yìn láìfẹ́ pa nǹkan kan. Bí ọdẹ bá kú, ojú ọ̀run ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yin ṣakabùlà sí, ariwo sì ni ẹwà rẹ̀. Nípa ti ariwo, àwọn ìbọn méjèèjì jìnnà síra bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà gùn pẹ̀lú. Èjìká ni ọdẹ ń gbé e kọ́, gbogbo ọjà ni yóò sì rí i kí ó tó kọjá. Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó ya ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ó fi ṣakabùlà sí ìkẹta, níbi tí ọwọ́ òfin ti dẹ̀ jù, ó sì ti ìbọn ìléwọ́ mọ́ bọ́ǹbù àti arọ̀jò-ọta nínú ìsọ̀rí kìn-ín-ní, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Kódà ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí ń fi òkúta ṣáná wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀tù kan náà ni òun àti ṣakabùlà jọ ń jẹ. A jẹ́ pé kì í ṣe agbára ni òfin ń bẹ̀rù. Àpò ẹ̀wù ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun kan náà sílẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Dunblane, ní Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Kò sí ìbọn ọlọ́ta kékeré nínú mẹ́rin tí ó gbé lọ. Síbẹ̀, òfin kejì tí wọ́n ṣe ní ọdún 1997 kó o mọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí Òlíńpíìkì ọdún 2012 dé, tí ìdíje ìbọn rẹ̀ wáyé ní Woolwich, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àṣẹ pàtàkì ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n òfin náà sọ pé ìbọn kékeré ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí tí gbogbo ara rẹ̀ kò tó 60. Àwọn olùdárayá kà á dáadáa. Wọ́n fa ọ̀pá dé 30, wọ́n so irin kan mọ́ ìdí ìbọn, wọ́n sì nà án sẹ́yìn títí gbogbo rẹ̀ fi pé 60. Ìbọn náà wá dà bí ẹran tí ń wọ́ ìrù kiri. Ó burẹ́wà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìburẹ́wà náà ju dídán àwọn kúkúrú lọ, nítorí kò sí agbádá tí ó lè bò ó.

Òótọ́ ni pé àwọn àgbà wa kò ní gbà fún mi. Wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ọta kékeré yìí náà ni a fi pa Robert Kennedy ní Los Angeles ní oṣù kẹfà ọdún 1968, láti inú ìbọn kúkúrú kan. Gígùn pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tí a kò lè jà níyàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2, ó ń ti èbúté Àpápá bọ̀. Ìbọn 661 ni wọ́n bá nínú kọ̀ǹténà rẹ̀, gígùn ni gbogbo wọn, ilẹ̀kùn irin ni a sì fi bò wọ́n. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹténà kò nílò àpò. Nítorí náà n kò sọ pé kí a tú ìsọ̀rí kìn-ín-ní ká. Èyí tí ń yìn pẹ̀lú atẹ́gùn wà ní ìsọ̀rí kejì, tí ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ fún, Òlíńpíìkì sì ní ìdíje tirẹ̀ ní mítà 10. Ó tó fún ọmọ Amùkòkò tí ojú rẹ̀ bá mú.

Àwọn tí n kò lè dárí jì ni àwọn fíìmù wa. Láti ìgbà tí fíìmù fídíò olè ti kún ọjà ní àwọn ọdún 1990, bí a ti ń fa ìbọn yọ lábẹ́ ẹ̀wù ni kámẹ́rà ń fẹ́ràn. Ìkígbe tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn dọ̀bálẹ̀, ó parí. Nígbà Kérésìmesì, ẹ wo àwọn ọmọdé tí wọ́n ra ìbọn ìṣeré lójú pópó wa. Wọn kì í fojú sun ohunkóhun. Abẹ́ ẹ̀wù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi í sí, kí wọ́n lè fà á yọ. Mo ṣì ń retí fíìmù Yorùbá kan tí yóò fi ojú ẹni tí ń fojú sun àmì hàn wá, tí a ó máa gbọ́ bí ó ti ń mí, tí a ó rí orí ìbọn tí ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní yìn títí yóò fi dúró.