Ẹ̀bẹ̀ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Àsìkò Tí Ó Ti Kọjá: Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkọ́ni Kan Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ẹ̀sùn kan wà tí ó máa ń jáde nígbà tí ọmọ Yorùbá bá fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ nǹkan ní ọ́fíìsì tàbí nínú lẹ́tà, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ẹni tí ó wọlé tí ó wí pé "Good morning, sir. I want to collect my form" gbà pé òun ti bọ̀wọ̀ dé ibi tí ó yẹ; ẹni tí ó gbọ́ ọ gbà pé àṣẹ ni ó pa fún òun. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jiyàn lé lórí ni pé ìwà àrífín kọ́ ni ó fa èyí, kì í sì í ṣe àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lásán. Àbùkù náà wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ni.

Nínú èdè Yorùbá, ara ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ọ̀wọ̀ máa ń wà. "Gbé e wá" ni fún ọmọdé, "Ẹ gbé e wá" ni fún àgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà rárá. Ìkíni ti ṣáájú, ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ ti bá a rìn, "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ dákun" sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún un. "Bá mi" tí ó wà nínú "Ẹ bá mi gbé e" tún sọ iṣẹ́ náà di àjùmọ̀ṣe. Lẹ́yìn gbogbo èyí, "mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù mi" kò lè le létí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n "you" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọdé àti àgbà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí "ẹ" lò, "sir" ni ó fi ń dí àlàfo náà, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ gbé púpọ̀ nínú ọ̀wọ̀ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe lórí: ó tì í sẹ́yìn nínú àsìkò kí ẹ̀bẹ̀ má baà dà bí àṣẹ.

Ní ìpìlẹ̀, àwọn aṣèrànwọ́-ìṣe "could", "would" àti "might" ni ẹ̀dà "can", "will" àti "may" tí ó ń tọ́ka sí àsìkò tí ó ti kọjá. Síbẹ̀, "Could you open the door?" kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú àná. Dípò kí olùkọ́ ṣàlàyé ìyípadà yìí, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni kí ó kọ ọ́ sójú pátákó pé "can" wà fún ẹgbẹ́ ẹni, "could" sì wà fún àgbà. Àlàyé yìí máa ń tètè yé akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé "o" àti "ẹ" ni ó rí nínú rẹ̀. Àṣìṣe sì ni. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi "could" bẹ ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ó sì fi "can" bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ohun tí ó ń tọrọ ṣe wúwo tó wà lára ohun tí ó ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Olùkọ́ ti wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún gírámà Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà á bí Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹ̀kọ́ lórí ibá atẹ́rẹrẹ ti àsìkò tí ó ti kọjá máa ń dé, bí ẹni pé kò bá ti àkọ́kọ́ tan. Irú àpẹẹrẹ kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò: ẹnì kan ń ṣe nǹkan lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Èyí náà le tó fún ọmọ Yorùbá. "Bàbá ń sùn" lè jẹ́ ti ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ ti àná. "Lánàá" tàbí "nígbà tí mo dé" ni yóò là á. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ "When I got there, he is sleeping." Olùkọ́ a fi gbogbo agbára bá èyí jà, títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gbà pé ọ̀rọ̀ àná ni "was" àti "-ing" máa ń sọ nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tì mọ́ "I was wondering if you could help me", gbólóhùn tí ẹni tí ó ṣì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ń sọ lójúkojú. Kódà, bí akọ̀wé kan bá bi í pé "What was your name?", ó lè máa rò ó bóyá wọ́n fura sí i pé ó ti yí orúkọ padà.

Brown àti Levinson, nínú iṣẹ́ wọn lórí ọ̀wọ̀ nínú èdè tí ó jáde ní 1978, ka irú ìsúnsẹ́yìn yìí mọ́ àwọn ọgbọ́n tí olùsọ fi ń jìnnà díẹ̀ sí ohun tí ó ń tọrọ. Ó ń ṣe bí ẹni pé èrò tí ó ti wà lọ́kàn òun tẹ́lẹ̀ ni, tí ó ṣeé pa tì. Ẹni tí ó ń bẹ̀ sì rí àyè láti kọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ó yà sílé aládùúgbò rẹ̀ a sọ pé: "Mo ní kí n bi yín bóyá ẹ lè yọ̀ǹda ọmọ yín fún mi lọ́la ni." Kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ni ó sọ ọ́ fún. Ó fi ẹ̀bẹ̀ náà hàn bí ohun tí ó ti bá ara rẹ̀ sọ kí ó tó jáde nílé, gẹ́gẹ́ bí "I was wondering" ti ń ṣe gan-an. "Mo ti ń rò ó pé kí n wá rí yín" kò jìnnà sí i. "Ìbá dára bí ẹ bá lè dúró díẹ̀" sì súnmọ́ iṣẹ́ "would". Orúkọ tí àwọn onígírámà Yorùbá fún àsìkò tí kò ya àná sọ́tọ̀ kúrò lára òní, àsìkò afànámónìí, ìbá bá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí mu dáadáa. Àní "Mo fẹ́ rí yín" pàápàá lè jẹ́ "I want to see you", ó sì lè jẹ́ "I wanted to see you". Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ èkejì nígbà tí ó ṣì ń fẹ́ rí ẹni náà, yíǹkì pupa ni yóò bá a.

Afárá yìí kò gbéni dé òdìkejì tán. Ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò ni "Mo ní kí n" sábà máa ń jẹ́, nígbà tí "I was wondering" ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifóònù láàrin ẹni méjì tí kò mọra rí; àgbà tí ó sọ ọ́ kò sì tíì fi "yín" sílẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní nílé ni, kò sì sí bí yóò ṣe lò ó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá sọ Yorùbá. Ètò tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, ó sì ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Ibi tí ó kù láti yẹ̀ wò ni ohun tí Yorùbá lè ṣe nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ méjèèjì bá di ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè mú "I want to collect my form", kí ó sọ ọ́ di "I wanted to", kí ó tún sọ ọ́ di "I was hoping to", kí ó sì máa gbọ́ bí ó ṣe ń rọ̀ sí i. Yóò gbọ́ ibi tí ó ti pọ̀ jù pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi "I was wondering if you could possibly" tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí iyọ̀.