Rọ́bà Pẹ́ńtì Lórí Omi Ìlàjẹ

Bí mo bá máa lọ sí Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ ní Sátidé, láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń di ẹrù. Yàrá ìta ilé wa ní Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí. Màá kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹní náà: kámẹ́rà méjì, lẹ́ńsì mẹ́ta, bátìrì mẹ́fà, aṣọ ìnuwọ́ mẹ́rin, ọ̀rá ńlá àti kékeré, okùn tí mo gé lára túúbù mọ́tò, àti rọ́bà pẹ́ńtì méjì, onílítà 20. Àwọn ọmọ mọ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ ẹní náà mọ́lẹ̀. Fọ́tò ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìkómọjáde ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń yà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé apá wo nínú iṣẹ́ yìí ló dùn mọ́ mi jù, ẹrù dídì yìí ni màá dárúkọ, pàápàá ti ọjọ́ tí mo bá máa gba orí omi.

Láti Àkúrẹ́, èèyàn á gba Oǹdó kọjá, á gba Orẹ̀, á gba Òkìtìpupa, títí á fi dé Igbókòdá. Ibẹ̀ ni màá ti sọ ẹrù kalẹ̀ kúrò nínú mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ọ̀pọ̀ abúlé Ìlàjẹ ló wà tí orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, tí ọmọdé á ti mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ìwé kà. Ayétòrò wà létí òkun gan-an. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, òkun sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ilé tí mo yà lọ́dún kan, tí mo bá padà lọ, mo lè má bá a mọ́. Ojú omi lásán ni wọ́n á nàka sí fún mi. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn, òun náà ló fà á tí n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹrù mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, báàgì dúdú kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni mo kó kámẹ́rà sí. Ẹni tó tà á fún mi ní omi ò lè wọ̀ ọ́. Ní ti òjò, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n omi tó ń ti òkè bọ̀ ni báàgì yẹn mọ̀, kò mọ ti ìsàlẹ̀. Inú ọkọ̀ onígi kì í gbẹ. Omi á máa yọ́ wọlé láàrin pákó, èyí tí àjẹ̀ ń ta sínú ọkọ̀ á máa kún un, ọmọdékùnrin kan á sì jókòó sí ìdí ọkọ̀, á máa fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí gbọ́n ọn síta. Mo gbé báàgì sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ mi, mo di í mú dáadáa. Nígbà tí a máa fi gúnlẹ̀, omi ti gba ojú ìránṣọ wọlé nísàlẹ̀. Lẹ́ńsì tó gùn jù, tí mo fi owó àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu bíi mẹ́wàá rà, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Mo nù ún, mo sá a, ó tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mọ́tò kékeré inú rẹ̀ tó ń mú kí àwòrán mọ́ kedere bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Ohun tí omi òkun fi burú ju omi kànga lọ nìyẹn. Lítà kan rẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀, á máa fa ọrinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra lójoojúmọ́, irin á sì máa jẹra níbi tí ojú ò tó. Bí kámẹ́rà bá bọ́ sínú irú omi yẹn, ẹ má tàn án wò rárá. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó sunkún.

Ìyá ẹlẹ́ja kan ló jókòó kọjú sí mi nínú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọjà Igbókòdá ló ti ń bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ ọkọ̀, orí pákó tí wọ́n fi dábùú ọkọ̀ ló gbé e lé. Nígbà tí a gúnlẹ̀, tí mo ń yọ omi nínú báàgì mi, ó tú ẹrù tirẹ̀ lójú mi. Gààrí gbẹ, iyọ̀ gbẹ, ìwé orin rẹ̀ gbẹ. Ìṣáná ló gba ojú mi jù. Ó ti fi ọ̀rá wé e, ó tẹ afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá náà jáde, ó lọ́ ẹnu rẹ̀ títí ó fi le bí okùn, ó ṣẹ́ ẹnu náà po, ó so ó. Ó wá kó o sínú agolo Bournvita, ó dé e, ó tún ki agolo náà bọ inú ọ̀rá mìíràn ní ìdojúdé, débi pé ẹnu ọ̀rá kejì wà níbi tí ìdí agolo wà. Ó ṣá iná sí ọ̀kan kí n lè rí i.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi dojú rẹ̀ dé?"

Ó fi Ìlàjẹ dá mi lóhùn, kò yé mi tó. Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá tiwa sọ ọ́: "Ọmọ mi, ẹnu ni omi máa ń wá. Má jẹ́ kí ẹnu méjì kọjú síbì kan náà."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Rọ́bà pẹ́ńtì ni agolo tèmi. Rọ́bà òróró kọ́, ìdérí ìyẹn kì í dí. Ti pẹ́ńtì gidi ni mo ń sọ, èyí tó ní òrùka rọ́bà rírọ̀ yí ìdérí rẹ̀ ká nínú. Ọwọ́ àwọn akunlé ni mo ti ń rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kẹrosíìnì lákọ̀ọ́kọ́, ọṣẹ lẹ́yìn náà, oòrùn lẹ́yìn ìyẹn, títí òórùn pẹ́ńtì á fi tán. Mo wá gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò tó bá ara kámẹ́rà mu sínú rẹ̀. Kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e, mo máa ń dán an wò. Màá fi tíṣù funfun bo inú rẹ̀, màá kó òkúta sí i kó lè wúwo, màá dé e, màá rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi di ọjọ́ kejì. Bí tíṣù bá tutù níbì kan péré, rọ́bà yẹn di ti àgbàdo.

Ní ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ náà ni David Parker dá ilé iṣẹ́ Pelican, tó ń ṣe àpótí tí omi kì í wọ̀, sílẹ̀ ní California. Àpótí wọn dára, mo ti lo ti ọ̀rẹ́ mi rí, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kiri inú igbó Kánádà náà ní àgbá oníke, onílítà 30 àti 60, tí òrùka irin ń fún ìdérí rẹ̀ pa. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e kọ́ láti odò kan dé òmíràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán àgbá yẹn, inú mi dùn gan-an. Mọ̀lẹ́bí rọ́bà pẹ́ńtì mi ni.

Mo sì máa ń ronú kan J. A. Green, ayàfọ́tò, ọmọ Bonny tí wọ́n bí ní 1873. Gíláàsì ni wọ́n ń ya fọ́tò sí nígbà tirẹ̀. Ní 1897, ó ya Ọba Ovonramwen ti Bìní nínú ọkọ̀ ojú omi Ivy, nígbà tí àwọn Òyìnbó ń gbé Ọba lọ sí ìgbèkùn ní Kàlàbá. Gbogbo ayé ló ń wo àwòrán yẹn títí dòní. Èmi, tí mo bá ti rí i, ohun tí mo ń bi ara mi ni pé kí ló fi wé gíláàsì yẹn tí kò fi fọ́ kó tó gúnlẹ̀.

Omi tí a fojú rí nìkan kọ́ là ń sá fún. Ọrinrin wà. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ibi tí lẹ́ńsì wà, tó kọjá ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, ohun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú gíláàsì, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì là ń pè é. Ìrẹsì tí àwọn èèyàn ń sin kámẹ́rà sí kò ràn án, eruku rẹ̀ gan-an tún ń wọ inú ẹ̀rọ. Sílíkà ni mo gbà gbọ́, irú àwọn àpò kékeré tó ń bá bàtà tuntun wá, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ ẹ́. Èyí tí mo ń rà máa ń ní àwọ̀ búlúù bó bá gbẹ. Bó bá ti mu omi yó, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà náà, màá dà á sínú páànù kan tí a kì í fi dín nǹkan kan jẹ mọ́, màá gbé e ka iná tí kò le, màá máa rò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, láti etí páànù wá sáàárín, búlúù á máa padà wá. N kì í fi iṣẹ́ yẹn rán ọmọ. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó.

Àárín ọkọ̀ ni mo ń jókòó sí. Iwájú ni ìgbì ti ń ta omi síni lára, ẹ̀yìn sì ni epo ẹ́ńjìnnì ti ń jò. Orí pákó ìdábùú ni rọ́bà wà bíi ti Màmá ọjọ́ sí, okùn túúbù ló sì dì í mú, nítorí túúbù tutù kì í yọ̀ bí okùn ọ̀rá. Kókó tó jẹ́ pé bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré, á tú, ni mo ń ta. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, afẹ́fẹ́ inú rọ́bà á mú un léfòó. N kì í so ó mọ́ ara mi láé. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ni mo ń so mọ́ ara. Káàdì tí àwòrán wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń bá mi gbé, nínú ìgò oògùn kékeré tí mo fi okùn kọ́ sọ́rùn.

Ní òwúrọ̀, bí mo bá sùn sí yàrá tó ní éésì ní Òkìtìpupa, n kì í ṣí rọ́bà títí ara rẹ̀ á fi móoru bí afẹ́fẹ́ odò. Bí mo bá kánjú ṣí i, ìrì á bo lẹ́ńsì nínú lóde. Bí iyọ̀ bá sì ta sí ojú lẹ́ńsì, aṣọ tí mo rẹ sínú omi mímu, tí mo fún dáadáa, ló ń kọ́kọ́ kàn án. Aṣọ gbígbẹ á fi iyọ̀ ha gíláàsì.

Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, atẹ́gùn dìde sí wa kí a tó já sétí òkun. Ìgbì kan wọlé sí wa, gbogbo wa tutù dé egungun. Atukọ̀ ní kí gbogbo wa máa gbọ́n omi, èmi náà gbọ́n. Rọ́bà mi wà nínú omi dé ìdajì kí ọkọ̀ tó tún fúyẹ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ayétòrò, mo nu ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo tú okùn, mo fi ọ̀bẹ ṣí ìdérí. Sílíkà ṣì jẹ́ búlúù.